Oorun, Iyọ̀ Àti Ààwẹ̀: Ìtọ́jú Aláìsàn Bipolar Nínú Ilé

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar. Ẹni tí ó ní i lè wà láìsùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, kí ó sì máa ná owó ọjà bí ẹni da omi nù. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìbànújẹ́ á bò ó mọ́lẹ̀ títí kò fi ní lè dìde lórí ẹní. Kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́ ló fà á.

Oorun ni kí a kọ́kọ́ dì mú. Àìsùn òru kan péré lè ru àìsàn yìí sókè. Kí ó máa sùn, kí ó sì máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Obì, gbànja, kọfí àti ohun mímu inú agolo tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun lọ, ẹ má ṣe fún un lálẹ́.

Ó kan iyọ̀ àti omi. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo lithium, oògùn tí Dókítà John Cade ti ilẹ̀ Ọsirélíà kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1949. Irú iyọ̀ kan ni òun náà. Bí omi tàbí iyọ̀ bá dínkù lára, kíndìnrín kò ní jẹ́ kí lithium jáde bó ti yẹ, á sì di májèlé: ọwọ́ á máa gbọ̀n, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé, ẹsẹ̀ á máa ta gìrọ́gìrọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣàdédé yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa mu omi dáadáa nínú ooru Abuja yìí. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen náà lè fa ewu kan náà.

Ẹ wá wo ààwẹ̀. Omi kò sí lọ́sàn-án, sààrì sì ń gé oorun. Suratul Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san án padà, tàbí kí ó bọ́ tálákà bí kò bá ní lè gbà á mọ́. Kí Ramadan tó wọlé ni kí ẹ rí dókítà, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹwàá. Ẹ̀yin alfa ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń ní kí wọ́n da oògùn nù, ẹ bẹ̀rù Allah.

Àṣofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa ń lò ní agbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè fa ìfúnpá wálẹ̀, kí ó sì dá kún ìbànújẹ́. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ọsibítù.

Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo ní Arọ́, Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ọsibítù ká. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ni a ń wá nínú ilé kọ̀ọ̀kan níbí. Bí kò bá sùn fún òru méjì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù Yunifásítì ní Gwagwalada, ẹ sì kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání.