Bí Ọmú Bá Ń Dun Ìyá Ọmọ Tuntun

  

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní Kùránì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó di ọjọ́ kẹfà, orí ọmú ti bó, bí ọmọ bá ti fẹ́ mu ọmú ni ìyá ń sunkún. Hàǹtú ló wá gbà. Ó ní àwọn ará ilé sọ pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ sórí wàrà agolo. Mo bi í pé: "Ta ló kọ́ ìyàwó rẹ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sọ́mú?" Kò sí. Ìyá ìyàwó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì dé Kánò. Mo ṣe àdúà fún wọn, mo sì ní kí wọ́n lọ bá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Ohun tí nọ́ọ̀sì fi hàn wọ́n ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Èkíní: Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọmọ ṣe gba ọmú sẹ́nu ló ń fa ìrora. Bí ó bá mú orí ọmú nìkan, yóò máa rún un, orí ọmú á là, omi ọmú kò sì ní jáde dáadáa. Kí ikùn ọmọ kọjú sí ikùn ìyá, kí ọrùn rẹ̀ má lọ́, kí imú rẹ̀ wà ní ọ̀kánkán orí ọmú. Bí ó bá la ẹnu gbàgà, kí a fa ọmọ mọ́ra. Ọmọ là ń gbé wá bá ọmú. Àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká á wọlé. Bí ó bá ṣì ń dunni, kí ìyá fi ìka tó mọ́ bọ igun ẹnu ọmọ láti tú u, kí ó tún un gbé.

Èkejì: Láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, omi ọmú máa ń rọ́ dé, ọmú á le. Kí ọmọ máa mu ún ní ìgbà 8 sí 12 láàrin wákàtí 24. Bí ó bá le jù, kí a fi ọwọ́ fún díẹ̀ kúrò kí ó lè rọ̀. Aṣọ tí a fi omi tútù rẹ ń dín ìrora kù. Kí a má fi omi gbígbóná jó o, kí a má fi ọwọ́ líle rún un. Omi ọmú díẹ̀ ni kí a fi pa orí tó bó. Èyí àkọ́kọ́ tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè, kí ẹnikẹ́ni má fún un dànù. Ààbò ọmọ ni.

Ẹ̀kẹta: Bí apá kan ọmú bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà dé, kí ìyá má dá ọmú dúró. Omi náà kò ní pa ọmọ lára, dídá a dúró ló ń mú kí ó wú sí i. Bí kò bá rọlẹ̀ láàrin wákàtí 24, tàbí tí ibà náà le, ọsibítù ni kí a lọ. Bí ó bá di oówo, kí a má fi abẹ ilé là á.

Ní ti hàǹtú, èmi tí mo ń kọ ọ́ ni mo ń sọ ọ́: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, omi ọmú nìkan ni tirẹ̀, àfi oògùn tí dókítà bá kọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wo Suuratul-Baqarah, aaya 233. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ ọdún méjì fún ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀, tí Ó fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá sọ́rùn bàbá, tí Ó sì kọ̀ pé kí a ni ìyá lára nítorí ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní kí aya òun máa fi eyín pa á mọ́ra kò tíì ṣe ojúṣe rẹ̀.

Nígbà tí a ń sọmọ lórúkọ, egbò náà kò tíì jinná tán, ṣùgbọ́n ìyá ń fún ọmọ lọ́mú láìsunkún. Owó wàrà agolo, ẹja àti ẹ̀wà ni ọkọ fi rà fún un.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn ọmọ wa dàgbà. Àmín.