Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ohun Tí Òfin Sọ Nípa Bíbá Olùkọ́ Yunifásítì Wí

A mọ bí họ́sítẹ̀lì ṣe máa ń gbóná tí a bá gbọ́ pé olùkọ́ kan ń gbowó máàkì tàbí pé ó ń yọ ọmọbìnrin lẹ́nu. Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Kí wọ́n lé e lónìí!" Èmi náà kò fẹ́ kí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n bá fi ìkánjú fi jẹ olùkọ́, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, kódà bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìlànà tí òfin là sílẹ̀.

Ẹjọ́ Ìlọrin

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001, lásìkò ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU, Yunifásítì Ìlọrin fún olùkọ́ 49 ní ìwé pé kí wọ́n máa lọ. Wọn kò fi ẹ̀sùn kankan síwájú wọn, wọn kò sì pè wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Taiwo Oloruntoba-Oju, olùkọ́ ní ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn mẹ́rin mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n jàre ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2005. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù ní ọdún 2006. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá wọn láre, ó sì ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ wọn. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ọ̀rọ̀ náà gbà.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ìwé tí wọ́n fún wọn kò pè wọ́n ní arúfin. Ohun tó sọ ni pé a kò nílò iṣẹ́ wọn mọ́. Tí a bá wo gbólóhùn náà lásán, kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ nínú ìmọ̀ ìlò-èdè pé ohun tí gbólóhùn ń sọ lè yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe. Iṣẹ́ ló ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, òfin sì ti là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó: àdéhùn inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò lè borí òfin tó dá yunifásítì sílẹ̀.

Ìlànà náà

Abala 15 òfin Yunifásítì Ìlọrin sọ ohun tí ìgbìmọ̀ alákòóso gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó lé olùkọ́ nítorí ìwà àìtọ́:

1. Kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un.
2. Kí wọ́n fún un láyè láti fara hàn níwájú wọn, kó sọ tẹnu rẹ̀.
3. Bí òun tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta bá béèrè láàárín oṣù kan, kí ìgbìmọ̀ alákòóso àti Sẹ́néètì jọ yan àwọn tí yóò ṣe ìwádìí, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí yunifásítì tó dé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé kí ọmọbìnrin tó fẹjọ́ sùn wá máa jókòó ní kíláàsì olùkọ́ náà títí ìwádìí yóò fi parí ni?" Rárá o. Òfin yẹn kan náà fún gíwá láyè láti ní kí olùkọ́ náà lọ rọ́ọ̀kún nílé, kó sì fi tó ìgbìmọ̀ alákòóso létí lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí oṣù mẹ́ta tó pé. A lè dáàbò bo olùfisùn láì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ohun tó kàn wá

Ìlànà yìí kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé bí wọ́n ṣe lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn rògbòdìyàn. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé igbákejì gíwá tí rògbòdìyàn náà kàn fúnra rẹ̀ ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. Òfin tó ń dáàbò bo olùkọ́ tí a ń bínú sí ló ń dáàbò bo àwa náà.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ṣẹ̀ ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù rẹ. Fi ìwé ẹ̀sùn náà fún olórí ẹ̀ka. Bó bá jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ kàn, mú un lọ sọ́dọ̀ díìnì. Mú ẹ̀dà kan pamọ́, kí o sì gba ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá pè ọ́ síwájú ìgbìmọ̀, lọ, má lọ́ra. Olùkọ́ tí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà lé kò ní rí ibi tí yóò gbà padà wọlé. Èyí tí wọ́n bá fi ariwo lé lè padà wá bá wa ní kíláàsì, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ gbogbo lápò.