Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Èéfín Ẹ̀rọ Amúnáwá àti Ẹjọ́ Ìwà Àìbìkítà

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kì í ṣe ti ìwé owó tàbí ti èlé orí owó yíyá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí a ti ń lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ láti yẹ ìwé wò, kò sí ibi tí a dé tí a kì í gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúnáwá: lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà mìíràn lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí òfin sọ bí èéfín ẹ̀rọ ẹlòmíràn bá pa ènìyàn, tàbí tí ó bá sọ ọ́ di aláìsàn.

Èéfín dúdú tí ojú ń rí kọ́ ló ń pani. Afẹ́fẹ́ kan tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ònù mónọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ni lójú. Ẹ̀rọ tó ń jó epo ń tú u jáde, èédú inú àdògán ń tú u jáde, ọkọ̀ tí a fi sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì náà sì ń tú u jáde. Bí a bá mí i sínú, agbára tó fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí á máa fọ́ ni, òòyì á máa kọ́ ni, èébì á máa gbé ni. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ọ̀kankan nínú wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n bá òkú ìdílé kan lórí ibùsùn, ohun tí àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé májèlé wà nínú oúnjẹ alẹ́ wọn, tàbí pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Wọn a mú ìyá ọkọ, wọn a mú ọmọ ọ̀dọ̀, wọn a sì gbàgbé ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ ti jó tán lẹ́yìn fèrèsé.

Òfin tí a ń lò lórí ọ̀ràn báyìí, láti ilẹ̀ Brítéènì ló ti wá. Ní 1928, obìnrin kan ní ìlú Paisley ní Scotland mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà fún un, ó ní òun rí ìgbín tó ti jẹrà nínú ìgò náà. Òun kọ́ ló sanwó, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ọjà. Síbẹ̀, ní 1932, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ wọn sọ pé ó lè pe ẹni tó ṣe ọtí náà lẹ́jọ́. Adájọ́ Lord Atkin ní ó jẹ́ dandan kí olúkúlùkù ṣọ́ra kí ìwà rẹ̀ má baà pa aládùúgbò rẹ̀ lára, àti pé aládùúgbò ni ẹnikẹ́ni tó yẹ kí a rò pé ìwà wa lè kàn. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín pé orúkọ tí àwọn ènìyàn wa fún ẹ̀rọ kékeré nì ni “I better pass my neighbour”, ìyẹn ni pé mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Aládùúgbò yẹn gan-an ni òfin ní kí ẹ rántí. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà náà ti tẹ̀ lé ọ̀nà yìí: ní 1985, ó gbè lẹ́yìn obìnrin kan tí fíríìjì oníkẹrosíìnì tí ilé-iṣẹ́ kan tà fún un bú gbàmù, tó sì jó o lára.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé onílé kan gbé ẹ̀rọ ńlá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé. Àwọn ayálégbé ti ráhùn títí, ó sì ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó ẹrù rẹ̀ jáde. Òjò rọ̀ ní òru, wọ́n ti fèrèsé. Ọkùnrin kan kú, ìyàwó rẹ̀ dákú. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, adájọ́ yóò béèrè bóyá ó yẹ kí onílé ro ti àwọn ayálégbé rẹ̀. Èyí kò le. Yóò béèrè bóyá ó kùnà. Ìráhùn tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tàbí tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ yóò dáhùn ìyẹn. CDC, àjọ ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé kí ẹ̀rọ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, bíi mítà 6, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè ohun tó fi dájú pé èéfín náà ló ṣe é, kì í ṣe àìsàn mìíràn. Orí ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú.

Ìdí ni pé ẹ̀rí náà wà nínú ẹ̀jẹ̀, mímí ni a sì ń fi mí i jáde. Bí aláìsàn bá wà nínú afẹ́fẹ́ tútù, láàárín wákàtí 4 sí 5 ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Bí wọ́n bá fún un ní ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ti tó. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé tí wọ́n ń rọ wàrà àti epo pupa sí lẹ́nu títí di ọjọ́ kejì, àyẹ̀wò lè má bá nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. (Epo pupa kì í sì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún èéfín, ẹ jọ̀wọ́.) Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbé e jáde sí gbangba, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ sọ fún dókítà pé èéfín ni ẹ fura sí, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò kábọ́ònù mónọ́sáìdì, kí wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Kí ọ́síjìn má ṣe dúró de ìwé o; ẹ̀mí ṣáájú ẹjọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka fi yín lọ́kàn balẹ̀: kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti oró yìí, ó lè sọ pé ara aláìsàn dá ṣáṣá. Bí ilé ìwòsàn kò bá lè ṣe àyẹ̀wò náà, kí dókítà kọ ohun tó rí àti ohun tí ẹ sọ fún un. Ẹni kan yóò sì ti ya fọ́tò ẹ̀rọ náà níbi tó wà, nítorí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn á ti gbé e kúrò.

Ti ẹni tó kú yàtọ̀. Òkú kì í mí, nítorí náà oró náà kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí kò fẹ́ kí wọ́n la òkú. Ṣùgbọ́n ikú òjijì báyìí, òfin kọ́rónà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ní kí a fi tó ìjọba létí. Bí wọ́n bá sìn ín láìgba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti sin ẹ̀rí tó dára jù mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn báyìí kì í tilẹ̀ dé kóòtù. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn àgbà á kó ara wọn jọ, wọn á ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọn á gbé owó ìsìnkú kalẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé kan sábà máa ń tẹ̀ lé owó yìí, tí yóò sọ pé ẹbí ti gbà, kò sí ẹjọ́ mọ́. Opó tó ń sunkún ni wọ́n ń ní kó tẹ ìka sí i. Owó pósí ni wọ́n fún un. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, owó ilé, gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ìbá pa wọlé fún ogún ọdún, ó lè jẹ́ pé ìka yẹn ló fi tẹ̀ ẹ́ dànù. Ẹ gba owó ìsìnkú, kí ẹ kọ ọ́ pé owó ìsìnkú ni, kó mọ síbẹ̀. Ìwé tó bá ju ìyẹn lọ, kí lọ́yà kọ́kọ́ kà á. Àjọ Legal Aid Council wà fún mẹ̀kúnnù tí kò lágbára owó lọ́yà.

Ọjọ́ kì í dúró de ọ̀fọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 3 ni òfin fún ẹni tó fara pa nípa àìbìkítà ẹlòmíràn láti pẹjọ́. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ló hùwà náà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, òfin tó ń dáàbò bò wọ́n lè gé e kù sí oṣù 3. Bí ó bá sì jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni èéfín ti mú òṣìṣẹ́, bíi mẹ́gáàdì tó sùn nínú yàrá ẹ̀rọ, òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa ni a ó lò: kí òun tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7, kí ìwé ìbéèrè owó sì dé kí ọdún kan tó pé. Níbẹ̀, kò di dandan kí a fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi. Òṣìṣẹ́ kì í san kọ́bọ̀. Ọ̀gá ló ń san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù.

Ẹni tó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú ilé ìdáná ara rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́. Ẹni tó bá sì ní ọwọ́ díẹ̀ nínú ohun tó ṣe é, adájọ́ lè gé owó gbà-má-bínú rẹ̀ kù.

Ó ku ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin alájẹṣẹ́kù ti di ènìyàn lójú òfin: ó lè pẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń yá ènìyàn, tó ní ẹ̀rọ gàrí tàbí gbọ̀ngàn ìpàdé, òun náà ni onílé inú àpẹẹrẹ wa. Owó tí ẹ ń fi pamọ́ lóṣooṣù ni wọn yóò ti san gbèsè náà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé gbé ìbéèrè méjì yìí síwájú ọmọ ẹgbẹ́: mítà mélòó ló wà láàárín ẹ̀rọ wa àti fèrèsé tó sún mọ́ ọn jù? Ta ló ti ráhùn rí nípa èéfín rẹ̀, kí ni a sì kọ sínú ìwé ìpàdé pé a ṣe sí i?