Ẹ Kọ́kọ́ Tú Àpò Oògùn Màmá Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lójú ọ̀pọ̀ àgbà. Ìyá yín lè sọ fún yín pé orúnkún ń ro òun, pé òun kò rí oorun sùn, pé ojú òun ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n pé ọjọ́ márùn-ún rèé tí òun ti yàgbọ̀nsẹ̀ gbẹ̀yìn, kò ní í sọ ọ́ fún ọmọ ọkùnrin, kò sì ní í sọ ọ́ fún ìyàwó ọmọ. Yóò máa fọwọ́ kan oúnjẹ lásán, yóò ní inú òun kún, yóò sì rán ọmọ kékeré inú ilé lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo.

Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, ní Èkó, oògùn kò jìnnà. Láti Boundary dé Amùkòkò, láti Tólú dé Olódì Àpápá, kẹ́mísì kún òpópó, ìyá alágbo sì wà ní ìkóríta. Kẹ́mísì á ta oògùn tó ń mú inú gbẹ, ìyá alágbo á ta èyí tó ń fọ inú. Kò sí èyí tó ń bi àgbà léèrè nínú àwọn méjèèjì pé, "Màmá, kí lẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin máa bi àwọn àgbà yín. Kí ẹ tó ra oògùn tí yóò mú ìyá tàbí bàbá yín yàgbẹ́, ẹ tú àpò oògùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àpò yẹn gan-an ni ohun tó fa wàhálà sábà máa ń wà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹ ó kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Nifedipine àti amlodipine máa ń dẹ iṣan ara òpó ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráàyè kọjá, ṣùgbọ́n iṣan wà lára ìfun náà, ó sì lè dẹ tiẹ̀ pẹ̀lú, ìfun á wá máa lọ́ra láti ti oúnjẹ síwájú. Lasix àti Moduretic ń mú kí àgbà tọ omi ara rẹ̀ dànù. Bí kò bá mu omi tó, inú ìgbẹ́ ni ara yóò ti fa omi tó kù, ìgbẹ́ á gbẹ. Oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀, èyí tí irin wà nínú rẹ̀, máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó sì máa ń mú un le. Oògùn ọgbẹ́ inú tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tàbí kálísíọ̀mù ṣe náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Piriton. Oògùn ara yíyún àti imú ṣíṣàn ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ti sọ ọ́ di oògùn oorun nítorí pé ó ń múni tòògbé, tí kò sì wọ́n. Piriton, Phenergan àti amitriptyline, ẹnu gbígbẹ, ìgbẹ́ gbígbẹ àti iyè tó ń ra ni wọ́n ń kó bá arúgbó. Láti ọdún 1991 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Mark Beers, ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn oògùn tí kò bá ara àgbà mu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú arúgbó lọ́hùn-ún ló ń tún un ṣe báyìí, àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí sì wà nínú rẹ̀. Ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ra Piriton fún ìyá-ìyá rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí tramadol, oògùn ìrora, nítorí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2018, nígbà tí Hameed Ali ń darí àwọn aṣọ́bodè, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé kọ̀ǹténà tó kún fún tramadol ní èbúté Àpápá níhìn-ín. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine. Gbogbo ènìyàn ń pariwo pé àwọn ọmọ wa ń bàjẹ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ló rántí àwọn bàbá? Àwọn tó fi ẹ̀yìn gbé ẹrù ní wọ́ọ̀fù, àwọn awakọ̀ tírélà tó ń sùn sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà èbúté Tin Can, àwọn ìyá tó ru ẹja títí ọrùn fi wọ́, púpọ̀ nínú wọn ló fi kápúsù tramadol gbé ara ró, tí wọ́n sì gbé e wọ ọjọ́ ogbó. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oògùn, kò fọwọ́ sí kápúsù tramadol tó ju 100 mg lọ, síbẹ̀ èyí tó jẹ́ 225 mg kún ìgboro.

Ohun tí ẹni tó ń tà á kò ní í sọ fún yín rèé: bó bá pẹ́, oògùn yìí lè má fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora mọ́, ẹni tó ń lò ó á sì máa fi kún un. Ti ìfun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfun kì í bá a mọ́ra. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà bá ń lo tramadol tàbí codeine, ìfun rẹ̀ ń tòògbé. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń kọ oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́ mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pàápàá fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń yọ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fún yín, tó pupa, tó funfun, tó ní ìlà ofeefee, tí kò lórúkọ, ta ni yóò kọ oògùn mọ́ ọn? Ẹ má ra irú rẹ̀ fún àgbà mọ́.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù tó ti fẹ̀yìn tì. Ìgbẹ́ olómi ń yọ lára rẹ̀ láìmọ̀, ó ń ba aṣọ jẹ́, ojú sì ń tì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní inú ló ń ṣu, wọ́n ra loperamide fún un kí ó lè dá a dúró. Ikùn rẹ̀ wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ni wọ́n rí i pé ìgbẹ́ líle ti dí i nísàlẹ̀. Ẹ ti rí i nígbà tí tírélà bá dí ojú ọ̀nà Àpápá, tí ọ̀kadà ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ olómi ṣe ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àgbà tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi, ẹ má fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Oògùn nìkan kọ́ ló ń mú inú le o. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, àgbà kì í fẹ́ tò láàárín àwọn ọmọdé ní ìdájí, bẹ́ẹ̀ sì ni òwúrọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ni ìfun máa ń jí jù. Á pa á mọ́ra, á sì kọjá. Lóru, kò ní í mu omi, kí ó má baà jáde nínú òkùnkùn. Omi náà, owó ni: ti mẹ́ruwà lowó, píọ̀ wọ́tà náà lowó. Ẹ̀yin tí ẹ bá lágbára, ẹ ra omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún àgbà láàyè lówùúrọ̀. Bó bá jẹ́ orí àga ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbàlódé ló ń jókòó, ẹ wá àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ lè ga. Bí a ṣe ń lóṣòó lórí ṣáláńgá láyé àtijọ́ rọrùn fún ìfun jù. Ẹ̀wà, ewédú, ilá, ìbẹ́pẹ àti ọsàn dára, ṣùgbọ́n kí omi tẹ̀ lé e. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín ń dà láàmú, dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n omi tirẹ̀.

Ní ti àgbo, n kò bú ewé àwọn baba wa. Ewé àsùnwọ̀n ń mú ni yàgbẹ́, senna tí òyìnbó ń dì sínú páálí, ìbátan rẹ̀ ni. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àgbà tó ń lo Lasix, tó tún ń fi àgbo ṣunú lójoojúmọ́, èròjà pọtáṣíọ̀mù ara rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí ọkàn yóò máa lù ségesège. Ẹ ṣọ́ra fún kánún pẹ̀lú: ó kún fún sódíọ̀mù, kò sì yẹ ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Ẹ má ṣe tìtorí ohun tí mo sọ yìí gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ ìyá yín. Rọpárọsẹ̀ burú ju inú líle lọ. Ẹ kó gbogbo oògùn náà sínú àpò kan, àti àgbo pẹ̀lú, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ajéròmi tàbí ní Àpápá, kí ẹ tẹ́ ẹ síwájú dókítà. Ó lè pàrọ̀ ọ̀kan, ó lè dín òmíràn kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí àgbà bá ń rù, bí ikùn bá wú tí kò lè só, tí ó ń bì, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí ẹ ń fi kálísíọ̀mù àti oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ nínú ike ńlá ránṣẹ́ sílé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà wà lára ohun tó ń mú inú le. Kí ẹ tó fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó wà nílé ya fọ́tò gbogbo oògùn Màmá sórí WhatsApp, kí ẹ sì pe Màmá fúnra rẹ̀, kí ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìgbà wo ló lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn.