Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: TÍ ÀÌSÀN Ẹ̀DỌ̀ BÁ FA ÌSORÍKỌ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn méjì tó sábà máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo la máa ń tọ́jú. Èkíní ni mẹ́dọ̀wú, ìyẹn àìsàn tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Èkejì ni ìsoríkọ́. Yorùbá máa ń bẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbóná pé kó fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọkàn ò jìnnà síra!

MẸ́DỌ̀WÚ WÀ LÁÀRIN WA

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, bí 8 ló ní mẹ́dọ̀wú irú B. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá ka èèyàn 12 ní ìlà ìsọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ní i. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀, nítorí ó lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìdun èèyàn rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn, tàbí ọjọ́ tí wọ́n lọ forúkọ oyún sílẹ̀, ni wọ́n máa ń gbọ́.

Púpọ̀ nínú wa ló kó o láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá nígbà ìbí, tàbí ní kékeré. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rí aláìsàn kó sọ pé ìṣekúṣe ló ṣe.

BÍ ÌSORÍKỌ́ ṢE Ń WỌLÉ

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Obìnrin kan ń ta ata. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ní B. Ó finú han ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà. Kó tó di ọjọ́ kejì, onítọ̀hún ò fi kọ́ọ̀bù rẹ̀ mumi mọ́. Ẹlòmíì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú èsúsú, pé ó lè kú kó tó san tiẹ̀ tán. Ọkọ ń bi í pé níbo ló ti kó o. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀dọ̀ ò tíì dùn ún, ọ̀rọ̀ èèyàn ló ń dùn ún.

Nígbà tó yá, kò rí oorun sùn mọ́. Oúnjẹ ò wù ú. Ọjà ń bàjẹ́ níwájú rẹ̀, kò kọbi ara sí i. Ó ń sọ pé ẹrù lòun jẹ́ fáwọn ọmọ òun. Ọjọ́ tí dókítà dá fún un kọjá, kò lọ. Ó gbé oògùn jù sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Oògùn bíi tenofovir máa ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ṣàdédé dá a dúró, àìsàn ẹ̀dọ̀ lè fi agbára padà. Ìsoríkọ́ tá ò tọ́jú lè tipa bẹ́ẹ̀ ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ìbànújẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta kì í ṣe ìsoríkọ́. Àmọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí nǹkan tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ni mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fi sílẹ̀ pé “àárẹ̀ lásán ni”, torí àìsàn ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè mú kó rẹ èèyàn. Bákan náà, abẹ́rẹ́ interferon tí wọ́n ń lò fún àwọn kan lè fa ìsoríkọ́. Dókítà ló lè mọ̀yàtọ̀.

OHUN TÍ Ò LÈ KÓ O RAN WÁ

Jíjẹun pọ̀, kọ́ọ̀bù, àwo, bíbọ ọwọ́, dídì mọ́ra, ikọ́, gbígba owó lọ́wọ́ ara ẹni: kò sí èyí tó ń tan mẹ́dọ̀wú B nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ́rẹ́ àti abẹ táwọn èèyàn jọ lò, àti ìgbà ìbí ló ń gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ọmọdé àti àgbà. Ó yẹ kí ọmọ tuntun gba tiẹ̀ kó tó pé wákàtí 24. Ní ti irú C, oògùn oníkóró tí wọ́n ń lò fún bí oṣù mẹ́ta ti ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn pátápátá.

ÌTỌ́JÚ WÀ FÚN ỌKÀN NÁÀ

Ìsoríkọ́ kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù kí wọ́n má rí àwọn ní “Yaba Left”. Àtọdún 1907 ni ilé ìwòsàn Yábàá yẹn ti wà, kò sì jìnnà sí wa. Ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà náà.

Kì í sì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí ẹbí tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n máa gbé láàrin ará abúlé bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 lẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 2006 ní Mbare, àdúgbò ọlọ́jà ní Harare. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń fetí sí ẹni tó ń “ronú jù”, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 6, nínú 100 tó jókòó síbẹ̀, bí 14 ló ṣì ní ìsoríkọ́. Nínú 100 tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, bí 50 ni. Ṣé kò sí ìyá àgbà àti bẹ́ǹṣì lọ́jà tiwa ni?

OHUN TÁ A LÈ ṢE

1. Ká jẹun pẹ̀lú ẹ̀, ká mumi ẹ̀, ká má yọ ọ́ nínú èsúsú.
2. Ká pa àṣírí mọ́. Àmọ́ kí aláìsàn náà rí ẹnì kan sọ ọ́ fún, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.
3. Ká bá a ṣọ́ ìsọ̀ lọ́jọ́ ọsibítù, tàbí ká sìn ín lọ.
4. Ká gbà á níyànjú pé kó yẹra fún ọtí, kó má sì mu àgbo láìsọ fún dókítà, torí òmíràn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.
5. Tó bá ní ayé ti sú òun, ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ká kó ohun olóró kúrò nítòsí, ká gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ta ló ti ń pẹ́ dé ọjà láìpẹ́ yìí, tá ò sì tíì béèrè àlàáfíà rẹ̀?
2. Àwọn wo nínú wa làwọn èèyàn lè finú hàn láìsí pé ọ̀rọ̀ jáde?

Ọjà á tà o, ara á sì le.