Sọ CV Rẹ fún Ìyá Rẹ Kí O Tó Tẹ̀ Ẹ́

Àbúrò mi, fa àga sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tijú rẹ̀ kí n tó lè máa fi ṣe ẹ̀rín.

CV mi àkọ́kọ́, ojú ìwé márùn-ún ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀ ni o, n kò tíì gba owó oṣù níbì kankan. Ibo ni mo ti rí ohun tó kún ojú ìwé márùn-ún? Orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ wà níbẹ̀, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá kò gbẹ́yìn. Èyí tó wá burú jù, ọ̀rẹ́ mi kan tó ka ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo da gbólóhùn òkè CV rẹ̀ kọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀gá tó jókòó láàárín gbé ìwé náà sókè, ó ní, "Mo rí i pé ó wù ọ́ láti di àgbà akáǹtáǹtì. Kí ló wá dé tó o fi lọ ka ìtàn ní yunifásítì?" Òógùn tó bò mí lọ́jọ́ náà, apá ẹ̀rọ amúlétutù kò ká a.

Láti ìgbà náà ni mo ti dá ọgbọ́n kan tí kò ná mi ní kọ́bọ̀. N kì í tẹ CV kankan mọ́ láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ìyá mi.

Má rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ CV nílẹ̀ wa, Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì ń tàn wá. Ó rọrùn láti kọ "dynamic", "result-oriented", "team player", torí gbogbo ayé ló ń kọ ọ́. Ó yá, sọ "result-oriented" fún màmá rẹ ní Yorùbá. Màmá á wò ọ́ títí, á ní, "Ìyẹn ni pé kí lo wá ṣe?" Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Màmá kàn ṣáájú rẹ̀ béèrè ni.

Nítorí náà, kí o tó tan kọ̀ǹpútà, gbé fóònù rẹ, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, kí o sì ròyìn iṣẹ́ rẹ bí ìgbà tí ò ń bá màmá tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Báwo lo ṣe bá ibẹ̀? Kí lo ṣe sí i? Báwo lo ṣe fi í sílẹ̀? Tún un gbọ́. Ibi tí ohùn rẹ bá ti yá gágá, ibẹ̀ ni kí o mú. Ibi tó o ti ń wá ọ̀rọ̀ tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ọmọ àǹtí mi kan wá bá mi nígbà kan, ó fajú ro. "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní ìrírí kankan tí mo fẹ́ kọ." Mo ní ta ló ń bá màmá rẹ̀ tajà ní ọjà Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn látìgbà tó ti wà ní ọdún kìíní yunifásítì? Ó ní òun ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó ń ka owó ọjà lálaalẹ́, tí ìwé gbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ oníbàárà tó ń san àti èyí tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí wọ́n má baà rí i!

Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe rí. Ohun tó jáde nìyí: ó fi ọdún mẹ́rin bójú tó ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ṣírò iye tó wọlé lójoojúmọ́, oníbàárà 43 ló ń rajà àwìn, ó la ìwé gbèsè tuntun fún wọn, nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, 31 ti san tán. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi WhatsApp bá àwọn tó ń kó ọjà wá láti Èkó sọ̀rọ̀, màmá rẹ̀ kò sì ní láti rin ìrìn-àjò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. A wá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà mẹ́rin péré. N kò ní parọ́ fún ọ, ilé-iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ kò dá a lóhùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló pè é, ìwé gbèsè yẹn ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ṣé o rí àwọn nọ́ńbà yẹn? Àwọn ló ń sọ̀rọ̀. "Mo ṣe olùkọ́ nígbà tí mo ń sìnlú" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mélòó? Kíláàsì wo? Iṣẹ́ wo lo kọ́ wọn? Mélòó ló yege ní WAEC lọ́dún náà? Bí o bá dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀ ní ọjọ́ CDS, ọjọ́ tí àwọn agùnbánirọ̀ ń ṣiṣẹ́ ìlú, ọmọ mélòó ló ń wá? Bí o kò bá mọ iye náà, pe ilé-ìwé náà kí o béèrè. Nọ́ńbà tí o kò lè gbèjà lójú ọ̀gá, yọ ọ́.

Oṣù mẹ́fà tí o fi kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan (IT) nígbà tí o ṣì wà nílé-ìwé, iṣẹ́ ni òun náà. Má fi sábẹ́ "ẹ̀kọ́" bí ẹni tó ń fi aṣọ àná pamọ́. Gbé e sí abẹ́ iṣẹ́, kí o sọ ohun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ tíì nìkan ni wọ́n ń rán ọ lọ rà, yáa sọ̀rọ̀ nípa ohun tí o wò kọ́ níbẹ̀, díẹ̀.

Ọgbọ́n kejì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni báírò pupa. Tẹ ìkéde iṣẹ́ náà jáde lórí ìwé, kí o fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá. Wá gbé CV rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí o fa ìlà sí tí o ti ṣe rí, ṣé ó wà lókè, níbi tí ojú á ti kọ́kọ́ bà lé e? Tàbí ó sá pamọ́ sí ojú ìwé kejì?

Ìyá tó ń kiri àgbàdo sísè ládùúgbò wa ló kọ́ mi ní èyí. Bó bá kan àwọn arúgbó tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní ó rọ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tí ebi ń pa, á ní ó tóbi, ó ń yóni. Àgbàdo kan náà ni, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. CV kan ṣoṣo tí ò ń fi ránṣẹ́ sí ogójì ilé-iṣẹ́, ariwo kan náà lò ń pa fún gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ inú ìkéde náà tún wúlò fún ìdí mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ àwọn CV wò kí èèyàn tó fojú kàn wọ́n. Bí wọ́n bá kọ "Excel", kọ "Excel", bí o bá mọ̀ ọ́n lò lóòótọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í sì í sábà ka àpótí, àwòrán àti ìwé alábala méjì dáadáa. Mo ti sanwó fún ẹnì kan rí láti ṣe CV aláwọ̀ èsè àlùkò fún mi, tó ní òbìrípo tó ń sọ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìdá àádọ́rùn-ún. Ìdá àádọ́rùn-ún nínú kí ni? Ìwé funfun, lẹ́tà dúdú, ojú ìwé kan tàbí méjì, iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni kó ṣáájú. Ó parí.

Àwọn nǹkan tí o máa yọ: fọ́tò, ẹ̀sìn, orúkọ bàbá, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bóyá o ti lọ́kọ, àti pé o fẹ́ràn láti máa kàwé àti láti máa rìnrìn-àjò. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n máa ń béèrè ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, torí òfin ní kí iṣẹ́ náà ká gbogbo ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, fi síbẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, àdírẹ́sì ímeèlì rẹ ńkọ́? Tèmi nígbà náà ní "sweet" nínú, ó ní "baby", ó tún wá parí sí nọ́ńbà tí n kò rántí ìdí tí mo fi fi sí i. Bí mo bá kà á sí màmá mi létí, á ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣí tuntun lónìí, orúkọ rẹ àti orúkọ ìdílé rẹ ni kó wà níbẹ̀.

Irọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o gé ọdún méjì kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ, torí àwọn ìkéde tó ń ní kí ẹni tó máa wá má ju ọmọ ọdún 26 lọ. Wọ́n ń bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n má gé e. Lọ́dún 1999, bóyá o kò tíì dáyé, Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ó ní yunifásítì ìlú Toronto ní Kánádà ni òun ti gboyè, ó ní 1963 ni wọ́n bí òun. Ìwé ìròyìn The News tú àṣírí rẹ̀: kò gboyè kankan ní Toronto, 1970 ni wọ́n sì bí i. Kò pé oṣù méjì lórí àga tó fi sọ̀kalẹ̀, "Toronto" sì di orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pe ìwé-ẹ̀rí ayédèrú nílẹ̀ wa. Ní tìrẹ, kò ní gba akọ̀ròyìn kankan. Ọdún tó wà lórí ìwé WAEC rẹ àti èyí tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí NYSC rẹ, ẹni tó mọ ìṣirò ọmọ kékeré á ti mọ̀.

Bí o bá jókòó sílé ọdún méjì nítorí ọmọ, tàbí nítorí pé ò ń tọ́jú aláìsàn, má fi bò. Ìlà kan tó: láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí, ìtọ́jú ìdílé. Bí a bá fi àlàfo sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ìtàn tiwọn ni wọ́n á fi dí i, ìtàn tiwọn kì í sì í dára tó tìrẹ.

Ní ti àwọn tó máa jẹ́rìí rẹ, ìtìjú mi kejì rèé. Mo kọ orúkọ olùkọ́ mi kan sílẹ̀ láìsọ fún un. Wọ́n pè é, ó ní òun kò rántí mi. Bàbá náà kò parọ́, ó ti tó ọdún mẹ́fà! Pe ẹni náà kí o tó kọ orúkọ rẹ̀, kí i dáadáa, rán an létí ohun tí o ṣe lábẹ́ rẹ̀, kí o fi CV náà ránṣẹ́ sí i. Pásítọ̀ rẹ tàbí ààfáà rẹ lè gbàdúrà fún ọ. Ẹni tó rí ọ lẹ́nu iṣẹ́ ni kó jẹ́rìí.

Bó bá jẹ́ London lo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí, ọjọ́ ìbí náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Òfin ìdọ́gba wọn ti ọdún 2010 kò gbà kí wọ́n fi ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó ya èèyàn sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í sì í fẹ́ rí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe tiwọn ní résumé, ojú ìwé kan ni wọ́n sì sábà ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá lọ tẹ̀ ẹ́ ní kafé, jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Orí CV oníbàárà àná ni wọ́n máa ń tẹ tìrẹ lé, ibẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn ti ń bọ́ sínú tìrẹ. Sọ ọ́ di PDF, fi orúkọ rẹ pe fáìlì náà, fi ránṣẹ́ sí ara rẹ, kí o sì pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn kí o tó dìde. Nọ́ńbà NIN, BVN àti ti àkáǹtì báǹkì rẹ kò ní nǹkan kan í ṣe nínú CV. Ẹni tó bá ní kí o sanwó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó pè ọ́ wá, olè ni.

Ó yá, pe màmá. Bí màmá kò bá sí mọ́, wá àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn rẹ tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ òní ni o, torí ìkéde tí o fi pamọ́ sórí fóònù yẹn, ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa tì í.