Ìfẹ̀yìntì Lẹ́bàá Odò Vaal: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Agbègbè Johannesburg

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ìgbà tí a rán wa lọ dán iṣẹ́ ìkọ́ni wò, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Mo ti kọ orúkọ àwọn ìlú ńlá àti odò wọn sí ojú pátákó: Kàírò lẹ́bàá odò Náílì, Lọ́ńdọ̀nù lẹ́bàá odò Thames, Abẹ́òkúta tiwa lẹ́bàá odò Ògùn. Bí mo ti kọ Johannesburg tán, ọmọdébìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, odò ti Johannesburg ń kọ́?" Ṣọ́ọ̀kì dúró sí mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé n ó dá a lóhùn ní ọjọ́ kejì, mo sì lọ ka ìwé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí ju ohun tí mo wá lọ. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Johannesburg kò ní odò ńlá kankan. Ìlú tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí létí òkun, kò sí létí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kò lè dé ibẹ̀. Wúrà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, kì í ṣe omi. Ní ọdún 1886 ni a rí wúrà lórí òkè gbọọrọ tí à ń pè ní Witwatersrand, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ òkè omi funfun, kò sì pẹ́ tí àgọ́ awakùsà fi di ìlú. Òkè yìí ni ó pín omi òjò sí ọ̀nà méjì. Òjò tí ó bá rọ̀ sí ìhà àríwá rẹ̀ ń bá odò kékeré Jukskei lọ sínú odò Crocodile, èyí a dà sínú Limpopo, ó di òkun Íńdíà ní ìlà-oòrùn. Èyí tí ó bá rọ̀ sí ìhà gúúsù a bá odò Klip lọ sínú Vaal, Vaal a dà sínú odò Orange, ó di òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ rò ó wò: ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí omi òrùlé ọ̀kan lọ sí òkun kan, kí ti èkejì lọ sí òkun mìíràn. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ náà, wọ́n hó yèè.

Kí wá ni àwọn ará Johannesburg ń mu? Omi Vaal ni. A dá ilé-iṣẹ́ omi tí à ń pè ní Rand Water sílẹ̀ ní ọdún 1903, a sì parí ìsédò Vaal ní ọdún 1938, ẹ̀rọ sì ń fa omi láti ìsàlẹ̀ gun òkè wá sí ìlú. Láti ọdún 1998 ni omi láti orí àwọn òkè Lesotho ti ń wá kún un.

Bí a bá kúrò ní ìsédò náà, tí a sì bá odò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó kọjá Vereeniging, níbi tí àwọn Bóà ti fohùn ṣọ̀kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1902 pé kí ogun àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì parí. A ó kọjá Vanderbijlpark, ìlú alágbẹ̀dẹ irin, lẹ́yìn náà a ó dé Parys. Nǹkan bí kìlómítà 120 ni ó jìnnà sí Johannesburg. A tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1876, orúkọ rẹ̀ kò sì ju bí àwọn Bóà ti ń pe Párísì, olú-ìlú Faransé. Wọ́n ní ará Jámánì kan tí ó wọn ilẹ̀ ibẹ̀ ni odò náà rán létí odò Seine. Odò fẹ̀ níbẹ̀, ó yí àwọn erékùṣù kéékèèké ká, igi sì tẹ̀ba bo bèbè rẹ̀. Nítòsí ni Vredefort wà, níbi tí òkúta ńlá kan ti já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo aráyé ní ọdún 2005.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Johannesburg, ní ọ́fíìsì, ní báńkì, ní ilé-ẹ̀kọ́, ń wá sinmi sí ní ọjọ́ alẹ́ wọn. Ìlú náà kò tóbi, ariwo ọkọ̀ kò pọ̀, àwọn ẹyẹ omi ń ké ní òwúrọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pẹja a jókòó ti ìwọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje òtútù ibẹ̀ kò kéré. Nítorí náà kí ẹni tí eegun ń ro má ṣe wí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni òun ń lọ kí ó fi aṣọ òtútù sílẹ̀.

Ohun kan wà nípa ilé tí ó yẹ kí a kọ́ dáradára. Ní ọdún 1988 a ṣe òfin kan ní Gúúsù Áfíríkà tí ń darí ilé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ó sì wà fún ẹni tí ó ti pé ọmọ 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú irú ètò yìí ènìyàn lè san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe láti ra ilé, bí kò ṣe láti ra ẹ̀tọ́ àtigbé inú rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Lóṣooṣù yóò máa san owó fún ìṣọ́, ìtọ́jú ọgbà àti àtúnṣe. Bí ó bá kú, ilé a padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, wọn a gbé e fún ẹlòmíràn, wọn a sì dá owó tí a kọ́kọ́ san, tàbí apá kan rẹ̀, padà fún àwọn ajogún gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn bá ti wí. Ọmọ kì í jogún ilé náà. Létí Yorùbá, èyí ṣe àjèjì gidigidi. Àwa tí a ti ń kọ́lé sí ìlú wa kí a tó fẹ̀yìn tì, kí a má baà sọ pé a sọnù sí àjò, báwo ni a ó ṣe san owó tó bẹ́ẹ̀ sórí ilé tí orúkọ wa kò ní sí lára rẹ̀? Ṣùgbọ́n kí a tó rẹ́rìn-ín, mo mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlú wa tí ìyá arúgbó kan ṣoṣo ń gbé inú rẹ̀, tí àwọn ọmọ wà ní òkè òkun, tí kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ bí ó bá ṣubú ní òru. Mi ò lè sọ èyí tí ó sàn jù nínú méjèèjì.

Síbẹ̀, ta ni a gbà láyè láti fẹ̀yìn tì lẹ́bàá odò náà? Ibí ni ẹ̀kọ́ yìí ti wúwo. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1913 kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ra ilẹ̀ bí kò ṣe ní apá kékeré tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Òfin ọdún 1950 pín àdúgbò ìlú fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ti ọdún 1953 sì fàyè gbà á kí a pín ibi ìgbádùn pẹ̀lú, àti ọgbà àti etí omi. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ ní Parys, Tumahole ni wọ́n ń gbé, ní ẹ̀yìn ìlú. Ní ti awakùsà àti alágbàṣe Johannesburg, ìwé ìrìnnà ni ó fi ń dúró ní ìlú níwọ̀n ìgbà tí apá rẹ̀ bá ṣì lágbára. Ní ọdún 1967 ìjọba fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí a kó àwọn arúgbó àti àwọn tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ sí àwọn ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà, ìfẹ̀yìntì, jẹ́ ìsinmi fún ọ̀kan, ó sì jẹ́ ìlékúrò fún èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà kan náà ni àwọn méjèèjì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ sí, tí ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kejì sì ti kún fún eruku àpáta.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó ìrànwọ́ fún àwọn arúgbó ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n a yọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ọdún 1944 ni a tó fi wọ́n kún un, tiwọn sì kéré púpọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun. Ọdún 1993 ni owó náà tó dọ́gba. Ní oṣù keje ọdún 1984 àwọn ará Tumahole jáde sí ìgboro láti kọ owó ilé tí a fi kún, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà sì ni ìbínú bẹ́ sílẹ̀ ní Sharpeville àti Sebokeng. Òfin ìwé ìrìnnà kú ní ọdún 1986, ti etí omi ní 1990, ti ilẹ̀ àti àdúgbò ní 1991. Lónìí ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè ra ilé sí bèbè odò ní Parys. Ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ náà, "tí ó bá lówó."

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Mo ti wí pé Johannesburg ń fa omi mímu rẹ̀ láti òkè odò. Omi tí apá gúúsù ìlú náà ti lò, lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ, odò Klip ni a ń dà á sí, Klip a sì wọ Vaal ní Vereeniging, ní òkè Parys. Bí ẹ̀rọ tí ń fa ẹ̀gbin bá bàjẹ́ lọ́nà, ìsàlẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́ láti agbègbè Emfuleni, níbi tí Vereeniging àti Sebokeng wà, ya sí ìgboro àti sínú odò. Ní ọdún 2018 ìjọba rán àwọn ọmọ ogun lọ ṣèrànwọ́ níbi àtúnṣe, àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2021 pé a ti tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ lójú. Arúgbó tí ó ra ìdákẹ́rọ́rọ́ odò lè jí ní òwúrọ̀ kí ó rí òkú ẹja. Omi odò yìí kan náà ni a ń sẹ́ fún ìlú náà láti mu, àti ẹni tí ó wà ní bèbè, àti ẹni tí ó wà ní Tumahole.

Ẹ̀yin tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya àwòrán òkè Witwatersrand àti odò méjèèjì tí ó ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n fi àmì sí ìsédò Vaal, Vereeniging, Sebokeng, Parys àti Tumahole. Lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya odò ìlú tirẹ̀, ìbáà ṣe Ọ̀ṣun, ìbáà ṣe Ouémé ní Benin, ìbáà ṣe Mono ní Togo, kí ó kọ ẹni tí ń pọnmi ní òkè sí i, ẹni tí ń da ẹ̀gbin sí i, àti ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀. Ọmọdébìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn parí tirẹ̀ kí agogo tó lù, ó sì fi ilé ìyá rẹ̀ àgbà sí ìsàlẹ̀ pátápátá.